Ẹ̀fọn gọ́tà kọ́ ló ń fún ọmọ yín ní ibà

Ìyá Ìbejì kan ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Gọ́tà ńlá kan wà níwájú ilé wa tí omi rẹ̀ kì í lọ. Bàbá wọn ti gé gbogbo koríko àyíká, a sì ń da kẹrosíìnì sí gọ́tà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, Kẹ́hìndé tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ti ṣe ibà ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Àwọn ẹ̀fọn dúdú kan tún wà tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jẹ wá lẹ́sẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní àwọn yẹn ló ń fa ibà pọ́njú, ó ní kí n máa po ọta-píápíá mọ́ omi tí mo fi ń nu ilẹ̀. Àbúrò mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sì ń bọ̀ láti London fún Kérésì. Kí ni kí n ṣe kí owó tí à ń ná yìí má bàa máa ṣòfò?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí, ẹ gbà pé gọ́tà ló ń bí ẹ̀fọn, pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà, nítorí náà bí apá yín bá ti ká gọ́tà, ibà á kúrò nílé. Òótọ́ ni pé gọ́tà ń bí ẹ̀fọn. Òótọ́ ni pé ẹ̀fọn ń fa ibà. Ibi tí ẹ ti so méjèèjì pọ̀ ni kò gún. Ó kéré tán, oríṣi ẹ̀fọn mẹ́ta ló ń jẹ yín nínú ilé yẹn. Omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yé sí yàtọ̀, àsìkò tí wọ́n ń jẹni yàtọ̀, àìsàn tí wọ́n ń gbé kiri náà yàtọ̀. Orí èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, tí ewu rẹ̀ sì kéré jù, ni gbogbo owó kẹrosíìnì yín ń bá lọ.

Ti gọ́tà, Culex ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun ni yànmùyánmú tó máa ń kùn sí wa létí látìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Omi ìdọ̀tí ló ń wá: gọ́tà tí omi ọṣẹ ti dúró sí, ṣáláńgá, sókáwéè tí ìdérí rẹ̀ ti sán, páìpù atẹ́gùn sókáwéè tí wọn kò fi nẹ́ẹ̀tì dí lórí. Nígbà òjò, àgbàrá máa ń gbá ọmọ rẹ̀ lọ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, tí omi gọ́tà dúró lójú kan tó sì ki, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn fi máa ń yọ ará Ìbàdàn lẹ́nu lóṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, nígbà tí ibà gan-an ń rọlẹ̀. Kòkòrò ibà kì í lè dàgbà nínú Culex. Ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún wọn ló jẹ Kẹ́hìndé mọ́jú, wọn ò lè kó ibà ràn án. Wọn á kàn ba oorun rẹ̀ jẹ́, wọn á sì sọ ara rẹ̀ di èélá. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Culex máa ń gbé kòkòrò jàkùtẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n lápá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ẹ̀fọn ibà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn jù.

Ẹ̀fọn ibà fúnra rẹ̀, ìyẹn Anopheles, kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í mọ̀ pé ó jẹ àwọn. Láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí ló ń jẹni, ẹ̀yìn aago méjìlá ló sì máa ń jẹ jù. Omi tó mọ́, tí kò jìn, tí oòrùn ń ta sí, tí kò sì tíì pẹ́ nílẹ̀ ló ń yé sí. Ẹ wo Mọ́níyà yẹn wò: ipa táyà ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, fáńdéṣọ̀n ilé tí wọ́n gbẹ́ tí owó wá tán, kòtò tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbẹ́ láti máa bu omi, ojú ẹsẹ̀ màlúù lójú ọ̀nà ọjà Akínyẹlé lẹ́yìn òjò. Omi tí ojú ẹsẹ̀ màlúù kan gbà ti tó o láti tọ́ ọmọ dàgbà. Láti ìgbà tó bá yé ẹyin sí ìgbà tí ọmọ á fò, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni nínú ooru tiwa. Ẹ̀fọn ibà sì lè fò kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, àgbàlá yín lè mọ́ fínnífínní kí ilé tí wọn kò kọ́ tán ní òpópónà kejì máa fi ẹ̀fọn ránṣẹ́ sí yín lálaalẹ́. Koríko tí ẹ gé kò ṣe nǹkan púpọ̀ sí i: ibi ìsinmi ni koríko jẹ́ fún ẹ̀fọn, omi ló ń bí i.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa ẹ̀fọn ibà, òun ló sì jẹ́ kí ìyókù ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn. Wọn kì í bí kòkòrò ibà mọ́ ọn. Ara ẹni tó ní in ló ti ń fà á mu, kòkòrò yẹn á sì lo bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ kó tó dé ibi itọ́ rẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, bó jẹ ọmọ yín, kò lè kó ibà ràn án. Èyí tó dàgbà nínú wọn nìkan ló léwu, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ni kì í sì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tó bá ń gé ẹ̀mí ẹ̀fọn kúrú, ìbáà ṣe ọjọ́ mélòó kan, ń dín ibà kù ju bí a ṣe lè rò lọ.

Síbẹ̀, ẹ má dá gọ́tà láre tán pátápátá o. Àwọn olùwádìí ti bá ọmọ ẹ̀fọn ibà nínú omi ìdọ̀tí l'Ékòó, ó jọ pé ìgboro ti ń mọ́ ọn lára. Àlejò kan tún wọlé, Anopheles stephensi, láti apá Éṣíà. Wọ́n rí i ní Djibouti lọ́dún 2012, wọ́n rí i ní àríwá Nàìjíríà lọ́dún 2020, wọ́n sì rí i ní Accra lọ́dún 2022. Tánkì àti dúrọ́ọ̀mù omi àárín ìlú ni èyí ń yé sí. Fún ìdí yìí, ẹ má fi ojú lásán dájọ́ omi kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fi abọ́ funfun bu omi tí ẹ ń fura sí, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tòrò. Tí òjìji yín bá kọjá lórí rẹ̀, gbogbo tanwíjí inú rẹ̀ á sá lọ sísàlẹ̀. Ẹ ní sùúrù, wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá sókè wá mí. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe dúró. Ti ẹ̀fọn ibà máa ń nà gbọọrọ lójú omi, nítorí kò ní ọ̀pá ìmí. Ti Culex àti ti ẹ̀fọn ọ̀sán, ìyẹn ẹ̀fọn dúdú tó ń jẹ yín lẹ́sẹ̀, máa ń dorí kodò, wọ́n á ti ọ̀pá kan tó wà nídìí wọn yọ sójú omi. Ọ̀pá ti Culex gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́; ti ẹ̀fọn ọ̀sán kúrú, ó sì ki. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí fèrèsé, ẹ tan iná sí ara ògiri yàrá. Ẹ̀fọn tó dorí kọ ògiri tó gbé ìdí sókè, ti ibà ni. Èyí tí ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ògiri, Culex ni. Bí ẹ bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó ti mọ èwo ló pọ̀ jù nílé yín, ẹ ó sì mọ ibi tó yẹ kí owó lọ.

Ẹ̀fọn dúdú tó ń jẹ yín lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án, Aedes aegypti ni, ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn. Lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ló ń jẹni jù. Abẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn kọ́tìnnì, àárín aṣọ tí a fi kọ́ ni ó máa ń sá pamọ́ sí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín: ẹ̀fọn yìí lè gbé ibà pọ́njú kiri, ó sì tún ń gbé dengue, chikungunya àti Zika, àwọn àìsàn mìíràn tó ń mú ara gbóná. Kì í gbé ibà tí Kẹ́hìndé ń ṣe. Ibà pọ́njú kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn àtijọ́ nílẹ̀ wa. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ló tún yọjú ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara, láti ibẹ̀ ló sì ti ràn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ó sì dára gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà. (Inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Gánà kan tó ń jẹ́ Asibi, tí wọ́n gbà lára rẹ̀ lọ́dún 1927 nígbà tí àwọn oníṣègùn àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà wà ní Yaba l'Ékòó, ni wọ́n ti rí kòkòrò tí gbogbo ayé fi ń ṣe abẹ́rẹ́ yẹn títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, kú sí Èkó lọ́dún yẹn kan náà, ibà pọ́njú yìí náà ló pa á.) Ẹ yẹ káàdì àwọn ìbejì wò, bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá pọ́n nílé, ẹ má fọwọ́ ara yín pè é ní ibà pọ́njú kí ẹ sì máa po àgbo: ibà líle lè sọ ojú di pípọ́n, àrùn ẹ̀dọ̀ lè ṣe é, ó sì máa ń ṣe ọmọ SS. Ilé ìwòsàn ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó rọrùn láti lé ẹ̀fọn ọ̀sán ju ti ibà lọ, nítorí kì í fò jìnnà. Bí ẹ bá rí i nílé, àgbàlá yín tàbí ti ẹni tí ẹ jọ pààlà ni wọ́n ti bí i. Inú ohun èlò ló ń yé sí: dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí, táyà, agolo, abọ́ omi adìyẹ, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, ìsàlẹ̀ ewé kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ń gba omi dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni pé wọ́n á da omi dúrọ́ọ̀mù nù, wọ́n á tún pọn tuntun sí i, ó parí. Ara dúrọ́ọ̀mù ni ẹyin rẹ̀ lẹ̀ mọ́, díẹ̀ sókè ojú omi, ẹyin yẹn sì lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú. Ọjọ́ tí omi bá tún kàn án, ó pa nìyẹn. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ da omi ìsàlẹ̀ nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ fọ ara inú rẹ̀ yípo, pàápàá ibi tí ilà omi máa ń dé, kí ẹ ṣan án dànù sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi aṣọ tó nípọn tàbí nẹ́ẹ̀tì so ẹnu rẹ̀ pinpin. Páànù tí a kàn gbé lé e kò tó, ẹ̀fọn á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Táyà tí ẹ kò lò, ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀ tàbí kí ẹ kó o sábẹ́ òrùlé. Ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é, ẹ̀yìn iṣẹ́ Sátidé dára. Bó bá ti ń di ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á ti fò.

Ní ti gọ́tà, kẹrosíìnì máa ń pa tanwíjí lóòótọ́ nítorí ó ń bo ojú omi, wọn kò sì ní lè mí. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò ti gbẹ, tàbí kí òjò ti gbé e lọ, tàbí kí pàǹtí ti pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kànga yín bá sún mọ́ gọ́tà, ẹ̀ ń da kẹrosíìnì sínú omi mímu ara yín nìyẹn. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò burú ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí omi máa ṣàn: ẹ yọ yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá pyọ̀ wọ́tà kúrò, kí ẹ sì wo ibi tí gọ́tà ti jìn ju ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀ lọ, nítorí níbẹ̀ ni omi á ti máa dúró bó ti wù kí ẹ kó o tó, kọnkéré díẹ̀ lè tẹ́ ibẹ̀ dọ́gba. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ilé kan. Bí ará ìsàlẹ̀ kò bá kó tirẹ̀, omi á máa padà sí iwájú yín. Kí ẹ tó náwó sí gọ́tà rárá, ẹ wo sókáwéè yín lákọ̀ọ́kọ́: ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó sán, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé we orí páìpù atẹ́gùn rẹ̀, kí ẹ fi wáyà dè é. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń bú gọ́tà nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé wọn ni ẹ̀fọn ti ń jáde. Ní Zanzibar, wọ́n da hóró fóòmù funfun kéékèèké, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nínú páálí, sínú àwọn ṣáláńgá. Ó léfòó bo omi, ẹ̀fọn kò rí ibi yé sí mọ́. Inú ṣáláńgá nìkan ló ti wúlò, ẹ má dà á sí gọ́tà o, àgbàrá á gbé e lọ.

Bó bá jẹ́ owó ohun kan péré ló wà lọ́wọ́, nẹ́ẹ̀tì tó lóògùn ni kí ẹ fi rà, kì í ṣe kọ́ìlì, kì í ṣe fíìtì. Ó ń dènà, ó sì ń pa ẹ̀fọn tó bá bà lé e kí kòkòrò ibà inú rẹ̀ tó gbó. Ẹ ta á síbi ìbòòji fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó, kí oògùn rẹ̀ má bàa máa yún ara. Ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ lílọ̀ tàbí blíìṣì, abẹ́ ìbòòji ni kí ó sì ti gbẹ, nítorí oòrùn ń pa oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn bí ogún ìfọ̀ tàbí bí ọdún mẹ́ta, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ fi etí rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn yípo, kí ẹ rí i pé apá ọmọ kò fara kàn án, ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ láti ìta. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń rí ẹ̀fọn tí pyrethroid, oògùn ara nẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kò pa mọ́ nílẹ̀ wa. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀: bí ẹ bá rí PBO tàbí chlorfenapyr níbẹ̀, irú tuntun tó sàn jù ni. Fíìtì àti kọ́ìlì, pyrethroid náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn fi máa ń ṣubú tí á tún dìde. Èéfín kọ́ìlì nínú yàrá tí a tì kò dára fún àyà ọmọdé. Ewé efinrin tí a jó máa ń lé ẹ̀fọn díẹ̀. Ewé rẹ̀ tí a kàn fi sí igun yàrá kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó sì máa ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́ nìyí: ọmọ á sùn lọ lórí àga pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, aago mọ́kànlá ni wọ́n á tó gbé e wọ inú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ tán. Bí iná bá lọ tí ooru ń mú, ẹ ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì tí kò ya, kí ẹ má ṣe ká nẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn kúrò.

Ọta-píápíá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má po mọ́ omi ìnulẹ̀. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, oògùn oko ni. Ó ń wọ ara láti inú èémí àti láti awọ ara, ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀ tó tún ń fi ọwọ́ sẹ́nu ló sì máa ń gbà á jù. Itọ́ tó ń dà, òógùn, ojú tí ẹyin rẹ̀ fún, iṣan tí kò lágbára mọ́, àmì pé ó ti wọ ara nìyẹn. Ìjàǹbá rẹ̀ ló mú kí NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ láti ọdún 2019. Bó bá pa ẹ̀fọn lónìí, òmíràn á wọlé lọ́la, ṣùgbọ́n èyí tó wọ ara ọmọ ti wọ ọ́.

Ó wá ku ibà ẹ̀ẹ̀mẹta Kẹ́hìndé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara gbígbóná lè jẹ́ àrùn àyà, etí, ìtọ̀, tàbí kòkòrò ọ̀fìnkìn lásán. Àyẹ̀wò onípẹlẹbẹ tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló sì ń pẹ́. Bí ilà kò bá yọ níbi lẹ́tà C, àyẹ̀wò ọ̀hún ti bàjẹ́, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: ó lè máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti san. Bó bá jẹ́ pé ibà kejì tẹ̀lé èkíní láàárín oṣù kan, ẹ ní kí wọ́n fi maikirosikóòpù wò ó. Ìbéèrè kejì ni oògùn. Láti ọdún 2005 ni ìjọba ti yọ chloroquine kúrò. Artemether-lumefantrine ló wọ́pọ̀ jù báyìí. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń lò ó, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bó bá jẹ́ hóró tí wọ́n kọ 20/120 sí lára páálí rẹ̀, ọmọ kílò 5 sí 14 ń lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. 15 sí 24, ẹyọ méjì. 25 sí 34, ẹyọ mẹ́ta. 35 sókè, ẹyọ mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́rin sábà máa ń wà ní bí kílò 15, ibi tí ẹyọ kan ti ń di méjì gan-an nìyẹn. Bí kẹ́míìsì bá fún un ní ẹyọ kan nítorí pé ó kéré, ìdajì oògùn ló lò. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni, ìkejì á tẹ̀lé èkíní lẹ́yìn wákàtí 8, ìyókù á jẹ́ àárọ̀ àti alẹ́. Kí ó jẹ oúnjẹ tó ní ọ̀rá tàbí mu mílíìkì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí lumefantrine kì í wọ ara dáadáa nínú ikùn òfìfo. Bó bá bì í láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹ tún un fún un. Bí ara bá ti tutù lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ìyá máa ń tọ́jú ìyókù de ọjọ́ mìíràn; ìyẹn máa ń dá ibà padà. Ẹ ha ibi tó ní nọ́ńbà lára páálí oògùn, kí ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí NAFDAC, ẹ ó mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Àgbo dongoyárò kò gbọdọ̀ gba ipò oògùn yìí lọ́dọ̀ ọmọdé. Oòrùn àti òróró kì í sì í fa ibà, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ dòdò rẹ̀.

Bí ó bá gbọ̀n gìrì, tí kò lè mu omi, tí ó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí ó ń sùn ṣáá tí ẹ kò lè jí i dáadáa, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí ó ń mí gúlegúle, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Bí gbogbo àyẹ̀wò bá fi hàn pé ibà gidi ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí oògùn sì pé, a jẹ́ pé ẹ̀fọn tuntun ló ń kó o ràn án. Nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ tún yẹ̀ wò. Ẹ béèrè genotype rẹ̀ náà. Ibà léwu gan-an fún ọmọ SS, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa fún un ní oògùn ìdènà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, R21, ti wọ Nàìjíríà; Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lópin ọdún 2024, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sì ń gún un fún, ọjọ́ orí Kẹ́hìndé ti kọjá rẹ̀.

Ní ti àbúrò yín, ẹ pè é lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ wọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó dàgbà síbí tó sì ti ń gbé London fún ọdún mélòó kan, agbára tí ara rẹ̀ ní láti fara da ibà ti lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní in rí. Àwọn tó wá kí ẹbí wọn nílé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà padà sí Ìlú Ọba lọ́dọọdún, nítorí wọ́n máa ń rò pé "ilé ni mò ń lọ." Kí ó lọ rí nọ́ọ̀sì ìrìn-àjò. Atovaquone-proguanil ni wọ́n sábà máa ń fún wọn: ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn-àjò, lójoojúmọ́ títí wọn ó fi padà, àti ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, ti ọmọdé, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣe é. Doxycycline kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìpadàbọ̀ kí wọ́n tó dá a dúró, wọn kì í sì í fún ọmọ tí kò tó ọdún 12. Daraprim, oògùn Sunday-Sunday ayé àtijọ́, kò dá ibà dúró mọ́, kó má rà á níbí. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti wọ ara wọn, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó dé. Bí ó bá ti gbà á rí, káàdì rẹ̀ ṣì dára, kì í kú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mọ́ láti ọdún 2016. Fún ọ̀sán, kí wọ́n mú oògùn ìfipara tó ní DEET bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún wá. Bí ara wọn bá gbóná nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má fún wọn ní ibuprofen tàbí aspirin kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́, nítorí bó bá jẹ́ dengue, méjèèjì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Paracetamol ló dára. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì ṣàárẹ̀ láàárín ọdún kan tí wọ́n padà dé London, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú dókítà ni pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bọ̀, kí ó sì béèrè àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ náà gan-an.